Bí Ojú Linux Bá Kọ̀ Tí Kò Bá Fèrèsé Rẹ̀ Mu

Machine virtuelle jẹ́ kọ̀ǹpútà tó ń gbé inú kọ̀ǹpútà mìíràn. Èyí tó wà lórí tábìlì, tí a lè fọwọ́ kàn, ni onílé; Linux tó ń ṣiṣẹ́ nínú fèrèsé kan lójú rẹ̀ ni àlejò. Akẹ́kọ̀ọ́ ní Savalou tàbí Bantẹ̀ nílẹ̀ Benin, tó ní ẹ̀rọ àlòkù kan ṣoṣo, tí Windows wà lórí rẹ̀, lè fi ọ̀nà yìí kọ́ Linux láì pa Windows náà rẹ́. Ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ dà á láàmú ni ọ̀rọ̀ ojú: ó fa fèrèsé títí dé etí, ṣùgbọ́n Linux jókòó sáàárín bí ìwé ìléwọ́, òkùnkùn yí i ká, bọ́tìnì tó sì fẹ́ tẹ̀ ti bọ́ sísàlẹ̀ níbi tí ojú kò dé.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Linux inú fèrèsé rí. Kò rí fèrèsé náà rárá. Káàdì àwòrán kan tí onílé fi ètò ṣe fún un ló ń rí, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì sọ fún un pé ààyè ti fẹ̀ sí i, 800×600 tàbí 1024×768 tó bá níbẹ̀ nígbà tó tàn ni yóò máa lò lọ. Gbogbo àtúnṣe tó wà nínú orí yìí kò ju pé kí a wá ibi tí ìròyìn náà ti já.

Ibi mẹ́rin tí ìròyìn ń gbà kọjá

Nígbà tí olùlò bá fa etí fèrèsé, ìròyìn ìwọ̀n tuntun ń gba ọwọ́ mẹ́rin kọjá. Èkíní ni fèrèsé fúnra rẹ̀, ìyẹn ètò tó gbé àlejò dání, bíi VirtualBox tàbí virt-manager. Òun ló ń kéde pé ààyè ti di báyìí. Èkejì ni káàdì àwòrán inú àlejò, tó gbọ́dọ̀ ní ìrántí tó pọ̀ tó láti gbé àwòrán tó fẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìránṣẹ́, ètò kékeré kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú Linux, tó ń gbọ́ ìkéde onílé tó sì ń jẹ́ iṣẹ́ náà. Ẹ̀kẹrin ni bureau, bíi GNOME tàbí Xfce, tó máa ń tún ojú tò gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ ti wí.

Ọ̀kan ṣoṣo tó bá dákẹ́ nínú wọn, ojú kò ní yí. Ìdí nìyí tí kò fi dára kí a kàn máa fi ètò kún ètò. Yíyẹ fèrèsé àti káàdì wò kò gba mẹ́gà dátà kankan; ìránṣẹ́ lè gba mẹ́gà púpọ̀. Nítorí náà, láti orí èkíní ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, kí a sì tẹ̀ lé wọn ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé.

VirtualBox ni orí yìí fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows àti Linux bákan náà. Ilé-iṣẹ́ Innotek ní Jámánì ló gbé e jáde ní 2007. Ó bọ́ sọ́wọ́ Sun ní 2008, ó sì di ti Oracle ní 2010.

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Iná lè lọ láàárín iṣẹ́. Kí olùlò kọ́kọ́ ya instantané, ìyẹn àwòrán ipò tí àlejò wà, kí ó lè padà síbẹ̀ bí nǹkan bá bàjẹ́. Ní VirtualBox, bọ́tìnì Ctrl ọ̀tún ni bọ́tìnì onílé. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ T, instantané bẹ̀rẹ̀. Bí iná bá já nígbà tí Linux ń fi ètò tuntun sórí ara rẹ̀, iṣẹ́ náà yóò dúró lágbede méjì, apt, tó ń fi ètò sórí Linux, yóò sì kọ̀ láti ṣe ohunkóhun lẹ́yìn náà. Àṣẹ kan ló ń parí ohun tó kù:

sudo dpkg --configure -a

Bí bọ́tìnì bá sì ti bọ́ sísàlẹ̀ ojú, tí fífi Linux sórí ẹ̀rọ kò sì lè tẹ̀síwájú, kò sí ìdí láti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Lórí Xfce, kí a di Alt mú, kí a fi eku fa fèrèsé kékeré náà sókè láti ibikíbi nínú rẹ̀. Lórí GNOME, bọ́tìnì Windows ni a ó dì mú dípò Alt. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò yọ síta, a ó sì rí bọ́tìnì náà tẹ̀.

Àmì tó ń tọ́ka sí ibi tó ń dùn

- Ojú kékeré láàárín fèrèsé ńlá, òkùnkùn yí i ká: ìránṣẹ́ kò sí, tàbí kò jí.
- Ojú kún fèrèsé ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ̀ fẹ̀, ó sì ṣú: fèrèsé ló ń na àwòrán náà; Linux kò yí ìwọ̀n rẹ̀ padà.
- Ojú fẹ̀ dé ìwọ̀n kan, kò sì kọjá ibẹ̀, tàbí ó dúdú bí a bá ti fà á: káàdì ni kí a yẹ̀ wò.
- Ojú dára, ṣùgbọ́n ó padà sí kékeré lẹ́yìn tí a bá tún wọlé: bureau ló ń rántí ìwọ̀n àtijọ́.
- Ojú dára fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó wá bàjẹ́ lẹ́yìn mise à jour, ìyẹn ìsọdọ̀tun ètò: kernel, ọkàn Linux, ti yí padà, ìránṣẹ́ kò sì bá a mu mọ́.

Fèrèsé

Ctrl ọ̀tún pẹ̀lú C ló ń tan ipò nínà tó sì ń pa á. Nínú ipò yìí, VirtualBox kì í kéde ìwọ̀n kankan fún àlejò. Àwòrán tó wà nílẹ̀ ló ń fà bí rọ́bà. Ọwọ́ máa ń ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́, pàápàá nígbà tí olùlò bá fẹ́ fi Ctrl àti C dá àṣẹ kan dúró nínú Terminal, tó sì lo Ctrl ọ̀tún dípò Ctrl òsì. Kí a tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i láti jáde kúrò níbẹ̀.

Ctrl ọ̀tún pẹ̀lú G ló ń tan ìkéde ìwọ̀n fúnra rẹ̀. Bí ó bá wà ní pípa, ìránṣẹ́ tó gbọ́n jù lọ kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ctrl ọ̀tún pẹ̀lú F ló ń mú àlejò gba gbogbo ojú ẹ̀rọ. Èyí ṣe pàtàkì lórí ẹ̀rọ àlòkù tí ojú rẹ̀ jẹ́ 1366×768: orí fèrèsé, àtòjọ òkè àti ilà ìsàlẹ̀ Windows ń jẹ nínú ààyè náà, nítorí náà àlejò kò lè gba 1366×768 pé pérépéré àfi bí ó bá gba gbogbo ojú.

Káàdì

Kí a pa àlejò pátápátá. Bí a bá kàn fi ipò rẹ̀ pamọ́, VirtualBox kò ní gbà kí a yí káàdì padà. Lẹ́yìn náà, kí a ṣí Configuration, kí a sì lọ sí Affichage. Ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀ láti yẹ̀ wò.

Àkọ́kọ́ ni irú káàdì, tí a kọ sí Contrôleur graphique. VMSVGA ni ti Linux. VBoxSVGA wà fún Windows, VBoxVGA sì jẹ́ ti ẹ̀rọ àtijọ́. Àlejò tí a gbà láti ọwọ́ ẹlòmíràn, tàbí èyí tí a ṣe ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn, lè ṣì wà lórí ọ̀kan nínú àwọn méjì yìí.

Èkejì ni Mémoire vidéo. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: ìbú lọ́nà gíga, lọ́nà báìtì 4 fún pixel kọ̀ọ̀kan. Ojú 1366×768 ń gba bíi MB 4. 1920×1080 ń gba bíi MB 8. MB 16 tí àlejò sábà máa ń ní láti ìbẹ̀rẹ̀ dà bí ẹni tó, ṣùgbọ́n bureau òde òní ń gbé ju àwòrán kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí a gbé e dé MB 128, kí ọ̀rọ̀ ìrántí kúrò nílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni accélération 3D. Lórí ẹ̀rọ àgbà tí káàdì tirẹ̀ gan-an kò lágbára, 3D lè mú kí ojú dúdú tàbí kó máa ṣẹ́jú nígbà tí a bá fa fèrèsé. Kí a pa á, kí a tún àlejò tàn, kí a sì wò ó.

Ohun kan ṣì kù tó jẹ mọ́ káàdì, inú Linux ni a sì ti ń rí i. Àwọn kan máa ń fi ọ̀rọ̀ nomodeset sí ìbẹ̀rẹ̀ Linux láti borí ojú dúdú, wọn a sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ń dí dráífà káàdì lọ́wọ́, ojú a sì dúró sójú kan. Àṣẹ yìí ń fi í hàn:

cat /proc/cmdline

Bí nomodeset bá wà níbẹ̀, kí a yọ ọ́ kúrò nínú fáìlì /etc/default/grub, kí a sọ pé sudo update-grub, kí a sì tún àlejò tàn.

Ìránṣẹ́

Orúkọ ìránṣẹ́ VirtualBox ni Guest Additions. Kí a kọ́kọ́ wò bóyá ó ti wà níbẹ̀:

lsmod | grep vbox
ps ax | grep VBoxClient

Lórí kíìbọ́ọ̀dù Faransé, AltGr pẹ̀lú 6 ló ń kọ ilà òòró tó wà láàárín àṣẹ wọ̀nyí. Bí àṣẹ èkíní bá mú vboxguest jáde, tí èkejì sì fi VBoxClient hàn, yàtọ̀ sí ìlà tí grep fúnra rẹ̀ ń mú jáde, ìránṣẹ́ wà, ó sì jí. Bí vboxguest bá wà ṣùgbọ́n tí VBoxClient kò sí, ìránṣẹ́ lè máa sùn. VBoxClient-all yóò jí i; bí Linux bá ní òun kò mọ àṣẹ náà, ìránṣẹ́ kò tíì dé, vboxguest nìkan ló bá kernel wá. Bí kò bá sí ohun kankan, kò tíì dé.

Ibí yìí ni kíìbọ́ọ̀dù ti máa ń dí olùlò lọ́nà nílẹ̀ Benin. AZERTY ló wà lórí tábìlì, ṣùgbọ́n àlejò tuntun lè gbà pé QWERTY ni. Olùlò tẹ a, q ló jáde. Ó tẹ m, àmì mìíràn ló rí. Lójú X11, àṣẹ setxkbmap fr ló ń tún un ṣe, ṣùgbọ́n bí a ṣe kọ ọ́ yìí kọ́ ni a ó ṣe tẹ̀ ẹ́. Ìka gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ báyìí lórí AZERTY:

setxkb,qp fr

Àmì kọ́mà ló wà níbi tí m wà lórí QWERTY, q ló sì wà níbi tí a wà. Lójú dúdú tí kò ní bureau, sudo loadkeys fr ni àṣẹ náà. Lórí AZERTY, loqdkeys ni a ó tẹ̀ kí loadkeys lè jáde.

Bí ìránṣẹ́ kò bá tíì dé, ọ̀nà tó kúrú jù lọ lórí Ubuntu ni èyí:

sudo apt install virtualbox-guest-utils virtualbox-guest-x11

Lórí Debian, inú CD tí VirtualBox gbé wá ni a ti ń mú un. CD náà ti wà lórí onílé Windows láti ọjọ́ tí a ti fi VirtualBox sí i, kò gba mẹ́gà kankan. Nínú àtòjọ Périphériques, kí a yan Insérer l'image CD des Additions invité. Ohun tó ń gba mẹ́gà ni àwọn irinṣẹ́ tí Linux fi ń kọ́ ìránṣẹ́ náà:

sudo apt install build-essential dkms linux-headers-$(uname -r)

Lẹ́yìn èyí, kí a ṣí Terminal nínú fódà CD náà:

sudo sh ./VBoxLinuxAdditions.run
sudo reboot

Ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti rọ̀, bíi ní abúlé tó jìnnà sí títì tó ti Savalou gba Bantẹ̀ lọ sí Bassila, DVD àkọ́kọ́ ti Debian lè gbani, nítorí pé àwọn irinṣẹ́ náà wà nínú rẹ̀. Kútọnu ju 200 kìlómítà lọ sí Savalou, nítorí náà kì í ṣe ọjọ́ tí ìṣòro dé ni a ń wá DVD. Ẹni tó ń ti fásitì ní Abomey-Calavi bọ̀ fún ìsinmi, tàbí fún ọdún iṣu tí wọ́n ń ṣe ní Savalou ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, lè gbé fáìlì ISO rẹ̀ bọ̀ lórí flash, kí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ sì lò ó. Bí a bá ti fi ISO náà sínú CD àlejò, sudo apt-cdrom add ló ń jẹ́ kí apt mọ̀ ọ́n. Kí a kíyè sí ohun kan: linux-headers gbọ́dọ̀ bá kernel tó ń ṣiṣẹ́ mu ní nọ́ńbà dé nọ́ńbà. Ẹni tó bá fi DVD kan náà gbé Debian sórí àlejò rẹ̀, tí kò sì tíì ṣe mise à jour, ni wọn yóò bára mu fún.

Bí ìkọ́lé bá kùnà, ìdí rẹ̀ wà nínú fáìlì /var/log/vboxadd-setup.log. Ìlà ìkẹyìn rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ kà. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ nípa headers, irinṣẹ́ kernel ni kò bá mu. Bí modprobe bá ní wọ́n kọ kọ́kọ́rọ́, Secure Boot, ìṣọ́ tó ń dènà dráífà tí kò ní ìfọwọ́sí, ló tì í sóde. Àṣẹ mokutil --sb-state yóò jẹ́rìí sí i. Kí a pa Secure Boot nínú Configuration àlejò, kí a sì tún un tàn.

Ìránṣẹ́ àwọn onílé mìíràn

Ẹni tí onílé rẹ̀ jẹ́ Linux lè máa lo KVM pẹ̀lú virt-manager. Ìránṣẹ́ ibẹ̀ ni spice-vdagent:

sudo apt install spice-vdagent

Kí káàdì jẹ́ Virtio tàbí QXL, kí Display jẹ́ Spice, kí ọ̀nà ìròyìn tó ń jẹ́ com.redhat.spice.0 sì wà nínú àwọn ohun èlò àlejò. Fèrèsé virt-manager náà ní ìkéde tirẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ tàn, lábẹ́ àtòjọ ìwò, níbi tí ọ̀rọ̀ nínà àwòrán wà. GNOME máa ń tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀. Xfce lè gbọ́ kó má sì mira. Àṣẹ yìí ló ń tì í:

xrandr --output Virtual-1 --auto

Ti VMware ni open-vm-tools-desktop. open-vm-tools nìkan kò tó, nítorí pé kò ní ìpín tó ń bójú tó àwòrán. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀.

Bureau

Bí fèrèsé, káàdì àti ìránṣẹ́ bá yè kooro, bureau ló kù. Kí a kọ́kọ́ mọ irú ojú tó ń lò:

echo $XDG_SESSION_TYPE

Ìdáhùn lè jẹ́ x11 tàbí wayland. Debian gbé GNOME rẹ̀ sórí Wayland láti 2019, Ubuntu ní 2021. Lábẹ́ Wayland, xrandr kò lè yí ìwọ̀n GNOME padà. Inú Paramètres, níbi tí Écrans wà, ni a ti ń yí i. Bí ìránṣẹ́ àtijọ́ kò bá gbọ́ èdè Wayland, tí ẹ̀dà Linux náà sì ṣì ní Xorg, ìyẹn x11, kí olùlò jáde, kí ó tẹ àmì tó wà nísàlẹ̀ níbi tí a ti ń tẹ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, kí ó sì yan Xorg kí ó tó wọlé.

Bí ojú bá ń padà sí kékeré ní gbogbo ìgbà tí a bá wọlé, ìrántí àtijọ́ ló fà á. GNOME ń kọ ìwọ̀n ojú sínú fáìlì ~/.config/monitors.xml, ohun tó bá sì wà níbẹ̀ lè borí ọ̀rọ̀ ìránṣẹ́. Kí a má pa fáìlì náà rẹ́. Kí a kàn yí orúkọ rẹ̀ padà:

mv ~/.config/monitors.xml ~/.config/monitors.xml.atijo

Lórí X11, a lè fi ọwọ́ ara ẹni ṣe ìwọ̀n tí kò sí nínú àtòjọ. Kí a kọ́kọ́ tẹ xrandr nìkan, kí a sì wo orúkọ ojú náà: ó lè jẹ́ Virtual-1, Virtual1 tàbí VGA-1. Lẹ́yìn náà, kí a ní kí cvt ṣírò ìwọ̀n:

cvt 1366 768

Ìdáhùn rẹ̀ máa ń ya ènìyàn lẹ́nu, nítorí pé 1368x768_60.00 ló ń mú wá. Kì í ṣe àṣìṣe. cvt ń fẹ́ ìbú tí 8 lè pín láìṣẹ́kù. 1366 kò ṣeé pín bẹ́ẹ̀, 1368 ló tẹ̀ lé e tó ṣeé pín. Kí a gbà á bó ṣe wá:

xrandr --newmode "1368x768_60.00" 85.25 1368 1440 1576 1784 768 771 781 798 -hsync +vsync
xrandr --addmode Virtual-1 "1368x768_60.00"
xrandr --output Virtual-1 --mode "1368x768_60.00"

Iṣẹ́ yìí ń parẹ́ bí a bá pa àlejò. Kí ó lè dúró, kí a kọ ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú fáìlì ~/.xprofile. Ẹni tó bá fẹ́ 1366 gan-an, tí ìránṣẹ́ sì wà láàyè, lè kéde rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ onílé, kí ó fi orúkọ àlejò tirẹ̀ rọ́pò Debian:

VBoxManage controlvm "Debian" setvideomodehint 1366 768 32

Ojú dúdú tí kò ní bureau

Àlejò tí a fi kọ́ iṣẹ́ serveur kò ní bureau, kò sì sí ìránṣẹ́ tí yóò fẹ ojú rẹ̀ bí a ṣe ń fa fèrèsé. GRUB, ètò tó ń tan Linux, ló ń yan ìwọ̀n rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú /etc/default/grub, kí a kọ:

GRUB_GFXMODE=1024x768
GRUB_GFXPAYLOAD_LINUX=keep

Kí a wá sọ pé sudo update-grub. Nínú irú àlejò yìí nìkan ni ipò nínà ti Ctrl ọ̀tún àti C wúlò gan-an, nítorí pé lẹ́tà tó fẹ̀ kò ba iṣẹ́ jẹ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn mise à jour

Nígbà tí kernel tuntun bá dé, ìránṣẹ́ tí a kọ́ fún kernel àtijọ́ kò lè wọlé mọ́. dkms ló ń tún un kọ́ fúnra rẹ̀, bí headers tuntun bá wà. Lórí Debian, kí a fi linux-headers-amd64 sí i, nítorí pé òun ló ń mú headers tó bá kernel kọ̀ọ̀kan mu wá. Bí ojú bá ti bàjẹ́ tán, àṣẹ kan ló ń tún ìránṣẹ́ kọ́:

sudo /sbin/rcvboxadd setup

Bákan náà, bí a bá gbé VirtualBox onílé sókè sí ẹ̀dà tuntun, kí a tún CD Guest Additions fi sí àlejò, kí èdè àwọn méjèèjì lè bára mu. Bí ojú bá ti fẹ̀ tó sì dúró, kí olùlò ya instantané tuntun, kí ó sì pa ti àtijọ́ rẹ́, nítorí pé instantané tó pọ̀ ń jẹ ààyè disiki, ẹ̀rọ àlòkù kì í sì ní disiki tó tóbi.